KÁ RÌN KÁ PỌ̀: BÍ ẸGBẸ́ ṢE LÈ ṢÈTÒ ÌRÌN ẸBÍ NÍ ỌJỌ́ GÁLÍLÌ

Nínú ìwé ìròyìn wa yìí, a fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ẹgbẹ́ ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó máa ń bi wá nígbàkigbà tí ọdún Àjíǹde bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ìrìn Gálílì. Ṣé ó tọ́ kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣètò ìrìn fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹbí wọn? Bí ó bá tọ́, owó ta ni a ó fi ṣe é? Báwo ni a ó sì ṣe rìn ín tí ewu kò fi ní wu ọmọdé àti àgbàlagbà?

Ìdáhùn wa sí ìbéèrè àkọ́kọ́ kò gùn: ó tọ́, ó sì dára. Àwọn méjì yòókù ni ó gba àlàyé, nítorí ibẹ̀ ni ìrìn tí ó yẹ kí ó so ẹgbẹ́ pọ̀ ti máa ń di ohun tí ń tú ẹgbẹ́ ká.

KÍ NI GÁLÍLÌ?

Ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé ọjọ́ Ìsinmi Àjíǹde ni àwa Yorùbá ń pè ní ọjọ́ Gálílì. Àwọn ọmọ ìjọ a kó ara wọn jọ ní àárọ̀, wọn a lu ìlù, wọn a fọn fèrè, tọmọdé tàgbà a tò lẹ́sẹẹsẹ, wọn a sì máa kọrin la ìlú já títí wọn yóò fi dé pápá tàbí ọgbà ilé ìwé tí wọn yóò ti jẹun, tí wọn yóò sì ti ṣeré. Inú Bíbélì ni orúkọ náà ti wá. Ní orí tí ó kẹ́yìn ìwé Mátíù àti ti Máàkù, áńgẹ́lì sọ fún àwọn obìnrin tí ó wá sí ibojì pé kí wọ́n lọ sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn pé Jésù ń ṣáájú wọn lọ sí Gálílì, níbẹ̀ ni wọn yóò ti rí i. Ìwé Lúùkù sì sọ nípa àwọn méjì tí ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Jerúsálẹ́mù lọ sí Émáúsì ní ọjọ́ Àjíǹde gan-an. Ọ̀nà náà tó máìlì 7, èyí tí í ṣe nǹkan bí kìlómítà 11. Ìrìn ẹsẹ̀ ti wà nínú ọdún yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wá.

Ọjọ́ Gálílì kì í dúró sójú kan. Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́ láti ọjọ́ 21 oṣù Máàṣì ni a ń ṣe Àjíǹde. Nítorí náà kò lè ṣáájú ọjọ́ 22 oṣù Máàṣì, kò sì lè kọjá ọjọ́ 25 oṣù Épírì. Ní 2024, Gálílì bọ́ sí ọjọ́ 1 oṣù Épírì. Ní 2025, ó bọ́ sí ọjọ́ 21 oṣù Épírì. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní láti wo kàlẹ́ńdà dáadáa kí ó tó kọ ìwé ìkéde.

Àsìkò náà bá ìgbé ayé wa mu ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọyẹ́ ti lọ, àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀, eruku ti rọlẹ̀, igi ti ń rúwé. Àgbẹ̀ kòkó ti ta kòkó ńlá tán, ó sì ń retí kòkó kékeré. Àwọn ọmọ ilé ìwé wà nílé, òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò sì wà ní ìsinmi, nítorí pé ìjọba àpapọ̀ ti fi ọjọ́ náà ṣe ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo ìlú. Bí a bá ń wá ọjọ́ kan ní ìdajì àkọ́kọ́ ọdún tí bàbá, ìyá àti ọmọ lè jùmọ̀ jáde, ó ṣòro kí a rí èyí tí ó dára jù ú lọ.

TI ÀWỌN ỌMỌ ẸGBẸ́ TÍ KÌ Í ṢE ONÍGBÀGBỌ́

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe mọ́ṣáláṣí. Lára àwọn ìlànà tí gbogbo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní àgbáyé ń tẹ̀lé, èyí àkọ́kọ́ ni pé ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ tí ó sì gbà láti ṣe ojúṣe rẹ̀, láìka ẹ̀sìn, ẹ̀yà tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú sí. Bí ẹgbẹ́ bá wá pe ìrìn kan tí Mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ kò lè bá wọn rìn, tí wọ́n sì fi owó gbogbo ènìyàn ṣe é, wọ́n ti ṣẹ ìlànà náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn Mùsùlùmí pàápàá mọ iyì ìrìn ẹbí. Ní ọjọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ àti ọdún Iléyá, tọkọtaya àtọmọ a wọ aṣọ tuntun, wọn a jùmọ̀ lọ sí Yídì. Ó sì wà nínú ìṣe Ànábì kí ènìyàn gba ọ̀nà kan lọ, kí ó sì gba òmíràn bọ̀, kí ó lè kí àwọn ará àdúgbò púpọ̀ sí i. Nítorí náà ìmọ̀ràn tí a ń fún àwọn ẹgbẹ́ ni pé kí wọ́n lo ọjọ́ ìsinmi Gálílì nítorí àyè tí ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n pe ètò tiwọn ní Ìrìn Ẹbí. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá ìjọ rẹ̀ lọ Gálílì láàárọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ bá wà nírú ipò báyìí, kí ẹgbẹ́ sún ìrìn tirẹ̀ sí ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e. Kò sí ohun tí ó sọ pé Ọjọ́ Ajé náà nìkan ni a lè rìn.

OHUN TÍ ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN TI ṢE

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ní irú àṣà yìí. Ní ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1801 ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ti ń tò lẹ́sẹẹsẹ la ìgboro já ní àsìkò Pẹ́ńtíkọ́sì, èyí tí ó máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn Àjíǹde. Kò jìnnà sí Manchester ni ìlú Rochdale wà, níbi tí àwọn ahunṣọ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn ti dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí gbogbo wa ń wò bí àwòkọ́ṣe sílẹ̀ ní 1844.

Ẹnì kan wà tí ó so ìrìn àti àjọṣe pọ̀ ní agbègbè náà. Orúkọ rẹ̀ ni T. Arthur Leonard, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní ìlú Colne. Ó rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ òwú máa ń fi ọdún kan gbáko tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, wọn a sì ná an tán láàárín ọjọ́ ìsinmi mélòó kan ní etí òkun, lórí ọtí àti afẹ́. Ní 1891 ó kó nǹkan bí ọgbọ̀n nínú wọn lọ sí Ambleside, láàárín àwọn òkè àti adágún odò, kí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ rìn, kí wọ́n sì fi owó díẹ̀ gbádùn ara wọn. Ìrìn náà dùn mọ́ wọn débi pé nígbà tí ó fi di 1893, wọ́n ti dá àjọ kan sílẹ̀ fún un, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ sínú orúkọ rẹ̀: Co-operative Holidays Association.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú sí ohun tí a fẹ́ fà yọ níhìn-ín. Owó tálákà ni Leonard ń ṣọ́. Ìrìn ẹsẹ̀ ni ó rí gẹ́gẹ́ bí ìgbádùn tí kì í jẹ gbèsè. Bí ìrìn ẹgbẹ́ bá wá di ohun tí ń kó gbèsè bá ẹgbẹ́, a ti sọ itumọ̀ rẹ̀ nù.

ÌDÍ TÍ ÌRÌN FI KAN ẸGBẸ́

Àwọn kan lè bi wá pé kí ni ó kan ẹgbẹ́ owó nínú ìrìn ẹsẹ̀. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹ wo ìwé owó àyálò ẹgbẹ́ yín. Nígbà tí àìsàn bá dá ọmọ ẹgbẹ́ kan dùbúlẹ̀, owó tí ó yá dúró, àwọn onídùúró rẹ̀ ni ẹgbẹ́ yóò sì kọjú sí. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ máa ń wọ ara ènìyàn láìpariwo, wọ́n sì ń mú àwọn tí ó jókòó sí ìsọ̀ tàbí sí ọ́fíìsì láti àárọ̀ di alẹ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní 2020, sọ pé ó yẹ kí àgbàlagbà lo ara rẹ̀, irú bíi kí ó rìn kánmọ́kánmọ́, fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí a bá pín in sí ọjọ́ márùn-ún, ìṣẹ́jú 30 lóòjọ́ ni. Ti àwọn ọmọ ọdún 5 sí 17 ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìṣẹ́jú 60 ní ojúmọ́. Ìrìn ọjọ́ kan nínú ọdún kò lè wo ẹnikẹ́ni sàn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ń fi han ẹbí pé wọ́n lè rìn, ó sì ń fún àwọn aládùúgbò ní alábàárìn. Ẹni tí ó bá ti rí alábàárìn ni ó máa ń lè tẹ̀síwájú nínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e.

OWÓ TA NI A Ó FI ṢE É?

Ibí yìí ni kí gbogbo akápò ti fetí sílẹ̀. Owó ìfipamọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe owó àpéjẹ. Owó ìpín kì í ṣe owó àpéjẹ. Owó àkànṣe ìpamọ́ tí òfin ní kí a yọ kúrò lára èrè kì í ṣe owó àpéjẹ. Kò sí ìgbìmọ̀ tí ó ní agbára láti fi ọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn nítorí ìrìn ẹbí, bí ó ti wù kí ìrìn náà dùn tó.

Ohun tí ó sábà máa ń ba nǹkan jẹ́ ni aṣọ ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ẹgbẹ́ kan ní ọmọ ẹgbẹ́ 80, ìgbìmọ̀ sì pinnu láti tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sára ẹ̀wù fún olúkúlùkù ní ₦5,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦400,000. Owó yìí tó láti yá ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rin ní ₦100,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, láti fi ra ajílẹ̀ àti oògùn kòkó, tàbí láti fi kún ọjà. Bí àwọn mẹ́rin yẹn bá wà lórí ìlà tí wọ́n ń dúró de owó, tí wọ́n sì rí i pé owó ti di ẹ̀wù, wọn kò ní gba ẹgbẹ́ gbọ́ mọ́. A ti ka ìwé ẹgbẹ́ tí ó rí bẹ́ẹ̀. Ọdún kejì ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó wọn kúrò, kì í sì í ṣe pé olè jà wọ́n. Wọ́n kàn rí i pé ẹ̀wù ṣáájú àìní wọn ni.

Ọ̀nà tí ó tọ́ nìyí. Èkíní, kí a gbé ètò náà wá sí ìpàdé gbogbogbò, kí a sì kọ ìpinnu rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé. Èkejì, kí a ṣí àkójọ owó kan lọ́tọ̀ fún un. Ká ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ 80 yìí gbà láti dá ₦200 lóṣooṣù láti oṣù Ọ̀kítóbà títí di oṣù Máàṣì. Oṣù mẹ́fà ni. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ti dá ₦1,200, àpapọ̀ yóò sì jẹ́ ₦96,000, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀kẹta, bí èrè ọdún bá wà, tí òfin ẹgbẹ́ sì fi àyè sílẹ̀ fún owó ẹ̀kọ́ àti ire àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ìpàdé gbogbogbò lè yọ díẹ̀ kún un nígbà tí a bá ti yọ owó àkànṣe ìpamọ́ tán. Ẹ̀kẹrin, kí rìsíìtì wà fún gbogbo ohun tí a bá rà, àní omi mímu pàápàá.

A mọ̀ pé ẹsẹ̀ gìrì-gìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Bí ẹ bá sọ pé ẹgbẹ́ ni yóò se oúnjẹ, ẹ ó rí ènìyàn tí ẹ kò rí ní ìpàdé láti ọdún tí ó kọjá. Nítorí náà kí ẹbí kọ̀ọ̀kan gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání: mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ, ẹ̀wà, iyán tí a pọ́n sínú ewé, ohunkóhun tí ó bá wà nílé. Kí ẹgbẹ́ pèsè omi, oògùn ìtọ́jú ọgbẹ́, àti ọkọ̀ kan tí yóò máa tẹ̀lé wọn. Nígbà tí a bá dé pápá, kí a tẹ́ ẹní, kí a jùmọ̀ jẹ. Opó tí kò ní ju ẹ̀kọ mẹ́ta lọ yóò jókòó ti olówó, ojú kò sì ní tì í.

Ẹ̀wù ńkọ́? Ẹni tí ó bá ní aṣọ ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀ kí ó wọ̀ ọ́. Fún àwọn yòókù, kí a gé aṣọ aláwọ̀ kan wẹ́wẹ́, kí olúkúlùkù so ó mọ́ apá. Yóò tó fún ìdánimọ̀.

Ọ̀NÀ WO NI KÍ A GBÀ?

Ìrìn tí ọmọ ọdún méje kò lè parí kì í ṣe ìrìn ẹbí. Kìlómítà 5 tó. Ọmọdé máa ń rin nǹkan bí kìlómítà 3 ní wákàtí kan, nítorí náà kìlómítà 5 yóò gbà tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 40. Bí a bá sinmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ó di wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 10. Ẹni tí ó bá bọ́ sọ́nà ní aago méje àárọ̀ yóò ti dé kí ó tó di aago mẹ́sàn-án àbọ̀, kí oòrùn tó mú. Àkọ́rọ̀ òjò sábà máa ń kó ẹ̀fúùfù àti àrá wá ní ọ̀sán tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nítorí náà ó yẹ kí gbogbo ènìyàn ti padà sílé ní aago kan ọ̀sán. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ẹ má ṣe sá sí abẹ́ igi. Ẹ wọ inú ilé tàbí inú ọkọ̀.

Ní Àkúrẹ́, ọ̀nà Ọba Adésidà níwájú Ọjà Ọba lẹ́wà fún ẹni tí ó fẹ́ kí ayé rí òun, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àti ọ̀kadà pọ̀ níbẹ̀. Alágbàká, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà, sàn jù fún ọmọdé, nítorí pé ó máa ń pa lọ́lọ́ ní ọjọ́ ìsinmi. Ní ìlú Oǹdó, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ọgbà ilé ìwé tí ó wà ní àdúgbò rẹ̀ ṣe òpin ìrìn, lẹ́yìn tí ó bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé náà. Ẹgbẹ́ tí ó wà ní Àkúrẹ́ kò gbọdọ̀ rò pé òun yóò fi ẹsẹ̀ rìn dé Oǹdó, nítorí ọ̀nà náà lé ní kìlómítà 40, òpópónà ọkọ̀ eléré sì ni.

Àwọn kan máa ń béèrè Òkè Ìdànrè. Òótọ́ ni pé kò sí ibi tí ó dára tó o ní agbègbè wa. Ìlú àtijọ́ wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ààfin Ọwá àti ilé ẹjọ́ àtijọ́, láti ìgbà tí àwọn ará Ìdànrè ń gbé lókè kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Láti 2007 ni ó ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà dábàá fún àjọ UNESCO kí wọ́n lè kà á mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, àpáta sì máa ń yọ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ lọ síbẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tí ara wọn le gun òkè, kí àwọn àgbàlagbà àti ọmọ kéékèèké dúró ní ìsàlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi agbára mú ẹni tí èémí rẹ̀ ń kúrú. Ẹ sì wádìí owó ìwọlé kí ẹ tó gbéra.

ÀÀBÒ

Láti ọjọ́ 2 oṣù Épírì 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba apá ọ̀tún ní orílẹ̀-èdè wa. Ọjọ́ Ìsinmi Àjíǹde gan-an ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ń fi ẹsẹ̀ rìn ní ẹ̀gbẹ́ títì ní láti gba apá òsì, kí ó lè kọjú sí ọkọ̀ tí ń bọ̀ wá bá a. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń gbà á ní òdìkejì, tí wọ́n ń kọ ẹ̀yìn sí ikú. Bí ènìyàn bá pọ̀, kí ẹgbẹ́ kọ ìwé sí àgọ́ ọlọ́pàá àti sí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí wọ́n lè bá wọn darí ọkọ̀. Kí àwọn ọkùnrin méjì mú àsíá pupa, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.

A kò gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Júùnù 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, nígbà tí àwọn agbébọn kọlu àwọn tí ń jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Francis Mímọ́. Nítorí irú èyí, kí a má ṣe gba inú igbó tàbí ọ̀nà oko, kí a sì jẹ́ kí ọlọ́pàá àti àwọn Àmọ̀tẹ́kùn mọ ibi tí a ń lọ àti àkókò tí a ó padà.

Kí akọ̀wé kọ orúkọ gbogbo ọmọdé sílẹ̀ kí a tó gbéra, kí ó sì pè é lẹ́ẹ̀kan sí i ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan. Kí a fi ọmọ márùn-ún márùn-ún sí abẹ́ àgbàlagbà kan tí wọ́n mọ̀. Kí a pèsè omi tí yóò tó lítà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn, kẹ́ẹ̀gì 20 lítà márùn-ún ni. Kí olúkúlùkù mú ife tirẹ̀ dání, kí ọ̀rá omi má baà kún ọ̀nà. Àwọn tí ó rìn lẹ́yìn pátápátá kò gbọdọ̀ jẹ́ àwọn tí ó rẹ̀ jù. Kí àwọn ọ̀dọ́ méjì tí ara wọn yá wà lẹ́yìn wọn. Ẹsẹ̀ ẹni tí ó lọ́ra jù ni kí gbogbo ẹgbẹ́ fi rìn.

LẸ́YÌN ÌRÌN

Ní ìpàdé tí ó bá tẹ̀lé e, kí akápò ka owó tí ó wọlé àti owó tí ó jáde sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Bí owó bá ṣẹ́kù, kí ìpàdé pinnu ohun tí a ó fi ṣe. Kí a sì béèrè ta ni kò lè wá, kí ni ó fà á, àti ohun tí a lè tún ṣe. Nípa bẹ́ẹ̀, ìrìn náà yóò di ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń ṣe àkóso ẹgbẹ́. Àwọn ọmọ tí ó bá wá yóò sì rí i pé bàbá àti ìyá wọn ń dá owó jọ, wọ́n ń ná an ní gbangba, wọ́n sì ń jíhìn rẹ̀. Àwọn ni yóò jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ lọ́la.

Ẹgbẹ́ tí ó bá ń rò láti ṣe ti ọdún tí ń bọ̀, oṣù Ọ̀kítóbà ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó rẹ̀. Ẹ lè mú ètò yín wá fún alábẹ̀wò àgbègbè yín kí ó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. A kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni, níwọ̀n ìgbà tí owó ẹni kẹ́ni kò bá sọnù lójú ọ̀nà.